Ẹ wá sọ tiyín: òfin ààbò tàbí ìdójútòfò tó kó yín yọ

Alága Ìjókòó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bí a bá ti dárúkọ òfin ààbò, owó ìtanràn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Ìdójútòfò ọkọ̀ náà ti di bébà tí à ń rà kí ọlọ́pàá má baà dá wa dúró. Mo fẹ́ ká gba ọ̀nà mìíràn wo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí òfin ti kó yọ rí, àti ẹni tí àìsí rẹ̀ ti dá lóró, ẹ wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ má dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan o, ìrírí yín nìkan la fẹ́ gbọ́.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ jẹ́ kí n ṣí i. Iṣẹ́ ọkọ̀ ni mò ń ṣe. Òfin tiwa ni pé ọkọ̀ ò gbọdọ̀ ṣí tí gbogbo èrò ò bá tíì de bẹ́líìtì, títí kan àwọn tó jókòó sẹ́yìn. Àwọn ará ẹ̀yìn ló máa ń bá mi fà á jù: "Ọ̀gá, èmi ò kúkú sí níwájú, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ kan ṣàdédé yà bọ́ síwájú mi. Mo tẹ bíréèkì, kò ràn án, a gbá a. Àwọn tó de bẹ́líìtì, ojú okùn tó pọ́n láti èjìká dé ìbàdí ni wọ́n gbé lọ sílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lẹ́yìn tó ti yọ tiẹ̀ lọ́nà láìjẹ́ kí n mọ̀. Ńṣe ló fò dìde lórí ìjókòó, tó fi orí gbá ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn. Ẹni tí wọ́n gbá lọ́rùn yẹn, tó de tiẹ̀ dáadáa, òun ló pẹ́ jù nílé ìwòsàn. Ẹ gbọ́ mi yé: ẹni tó pa òfin mọ́ ló jẹ ìyà ẹni tó rú u. Látìgbà náà, tí èrò bá sọ fún mi pé ẹ̀mí ara òun ni òun fi ń ṣeré, mo máa ń ní kó wo ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ná.

Bẹ́líìtì tó gba èjìká tó sì tún gba ìbàdí yìí, ọdún 1959 ni Nils Bohlin, ẹnjiníà kan ní Volvo, gbé e jáde, ilé-iṣẹ́ náà sì yọ̀ǹda fún àwọn tó kù láti máa ṣe irú rẹ̀. Síbẹ̀, ó di 1970 kí ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà tó kọ́kọ́ fi òfin mú èèyàn láti máa dè é. Fún odidi ọdún 11, nǹkan náà wà lára ọkọ̀, àwọn èèyàn ń jókòó lé e lórí.

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin

Orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí ti sọ ìdajì ìtàn mi. Ẹ̀gbẹ́ títì ni mò ń rìn lọ, níbi tí wọ́n là fún ẹlẹ́sẹ̀, tí ọkọ̀ kan fi yà kúrò lójú ọ̀nà tó wá bá mi níbẹ̀. Egungun itan mi kán. Ọkùnrin tó wa ọkọ̀ náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò sá. Òun gan-an ló bá wọn gbé mi dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bó ṣe jókòó sórí bẹ́ńṣì tó ń tú àpò rẹ̀ wò, mo mọ̀ pé bó bá ta gbogbo ohun tó ní, kò lè tó owó iṣẹ́ abẹ kan. Ọkọ̀ tó fi gbá mi, gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ohun tó gbà mí ni ìwé ìdójútòfò tó wà nínú ọkọ̀ yẹn. Èyí tó kéré jù ló rà, èyí tí òfin ní ọlọ́kọ̀ kankan ò gbọdọ̀ má ní. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ká ní kì í ṣe dandan ni, òun ò ní rà á. Mo gbà á gbọ́. Kí ló máa mú un rà á? Ẹni tí ìwé yẹn wà fún kì í ṣe òun, èmi ni, èmi tí kò mọ̀ rí, tí n ò dá nǹkan kan sí owó rẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún oníkálukú, ta ló máa ná owó ara rẹ̀ torí ẹni tí kò tíì pàdé?

Ibi tó le ló kù. N ò tíì pẹ́ nílé tí aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà fi wá, ọkùnrin jẹ́jẹ́, ẹ̀rín lẹ́nu. Ó mú fọ́ọ̀mù kan dání, owó tó kọ sínú rẹ̀ sì tóbi lójú ẹni tí kò lè dìde lọ síbi iṣẹ́. Kí n ṣáà fọwọ́ sí i ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba bébà náà lọ́wọ́ mi, ó kà á délẹ̀, ó wá fi ìka lé ìlà kan nísàlẹ̀ pátápátá: bí mo bá ti gba owó yìí, ọ̀rọ̀ ti parí, n ò gbọdọ̀ padà wá béèrè ohunkóhun mọ́ lórí ìjàǹbá náà. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irin tí wọ́n fi sínú ẹsẹ̀ rẹ̀ yìí, lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa yọ ọ́, ta ló máa sanwó?" Ọkùnrin náà ní òun máa lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì.

A ò fọwọ́ sí i. Ìgbà tí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi tí ẹsẹ̀ náà máa jinná dé ló dé yẹn la tó jókòó sọ̀rọ̀ owó. Èyí tí wọ́n wá san ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ti yíyọ irin sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ bá bá, ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, tó fi mọ́ ti ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ lọ rí dókítà. Ẹ gba ìwé ọlọ́pàá. Ẹ ní kí ẹnì kan ya fọ́tò ibẹ̀ kí wọ́n tó wọ́ ọkọ̀ kúrò. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ jù kí ẹ tó gbé ẹjọ́ dìde, torí òfin ní gbèdéke tiẹ̀.

Aránṣọ

Ẹ kú ewu, mà. Ẹ̀gbọ́n yín yẹn ṣe bẹbẹ!

Ilé ìránṣọ ńlá ni mo ti ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa máa ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa torí pé wọ́n ń jí aṣọ gba ibẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ilé-iṣẹ́ wò dé, wọ́n ní kó yọ àgádágodo, kó sì tún ilẹ̀kùn náà gbé kó máa ṣí síta. Ọ̀gá kùn títí. Nígbà tí iná wá ran àjákù aṣọ lábẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, èéfín ti gba iwájú kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn ni gbogbo wa gbà jáde. Nínú irú èéfín yẹn, kò sẹ́ni tó máa ráyè wá kọ́kọ́rọ́. Bí ilẹ̀kùn náà bá sì ń ṣí sínú ni, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á ti lẹ àwọn tó wà níwájú mọ́ ọn, kò ní ṣeé fà mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa ilé ìránṣọ Triangle ní New York, tó jóná ní 1911. Èèyàn 146 ló kú, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn tí wọn ì bá gbà jáde sì wà ní títì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìpínlẹ̀ New York tó wá jókòó ṣe òfin lóríṣiríṣi fún ilé-iṣẹ́. N kì í lè ka ìtàn náà tán lẹ́ẹ̀kan.

Oníyèméjì

Ẹ má bínú sí mi o. Ìtàn yín dára, ṣùgbọ́n ojú tèmi rí nǹkan mìíràn. Mo ní ìdójútòfò, èyí tó kárí ọkọ̀ mi pàápàá, mo sì ń san án déédéé. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ mi kọlu ògiri, wọ́n ní àwọn ò san. Wọ́n ní ọkọ̀ àdáni ló wà nínú fọ́ọ̀mù, àwọn sì rí i pé wọ́n ń fi kó ẹrù fún owó. Ọmọ mi ló fi kó ẹrù, kì í ṣe èmi! Ta ni ìdójútòfò wá ń dáàbò bò, àwa ni àbí àwọn?

Akọ̀wé Ìdójútòfò

Ẹ̀gbọ́n Oníyèméjì, ó dùn mí fún yín. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, kò sí ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ tó fọ́ọ̀mù. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, torí ewu wọn ò dọ́gba. Bí iṣẹ́ ọkọ̀ bá ti yí padà, ẹ lọ sọ fún wọn, kí ẹ sì gba ìwé pé ẹ sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Ọkọ̀ yín ni wọn ò san. Ká ní èèyàn lẹ kọlù ni, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í jẹ́ kí wọ́n torí irú èyí fi ẹni tó fara pa sílẹ̀. Wọ́n á san tiẹ̀ ná, kí wọ́n tó wá kojú yín. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1930 ló sọ ìdójútòfò ẹnìkẹta, ìyẹn èyí tó ń san fún ẹni tí ọkọ̀ yín bá gbá, di dandan fún ọlọ́kọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ọkọ̀ tí kò ní ìwé bá gbá ṣì ń jìyà lásán, kò rẹ́ni bá san án. Ní 1946 ni àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò wá dá Motor Insurers' Bureau sílẹ̀, tí gbogbo wọn jọ ń dáwó sí, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè rí nǹkan gbà. Lónìí, ó ń san fún ẹni tí awakọ̀ gbá tó sì sá lọ náà.

Òṣìṣẹ́ Alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n gbé wa kúrò lórí ọkọ̀. Ìdí ẹ̀rọ ìpo-nǹkan ni mo wà, agbada irin ńlá tó ní abẹ nínú, tó gba èèyàn méjì ní ìdúró. Bó bá dí, a óò wọ inú rẹ̀ lọ họ ọ́. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ wọlé á pa iná, á fi àgádágodo tirẹ̀ há súìṣì mọ́bẹ̀, á so páálí tó ní orúkọ rẹ̀ kọ́ ọ, á sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀. Bí èèyàn méjì bá ń wọlé, àgádágodo méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, á tún lọ tẹ bọ́tìnnì wò bóyá ẹ̀rọ náà kú lóòótọ́. Ó máa ń jọ àṣejù lójú ẹni tuntun.

Mo wà nínú agbada lóru ọjọ́ kan, mò ń fi irin họ ìsàlẹ̀ rẹ̀, nígbà tí àwọn tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa dé. Ọ̀kan nínú wọn rí i pé ẹ̀rọ dákẹ́, ó lọ sídìí súìṣì. Mo ń gbọ́ ọ láti inú lọ́hùn-ún: kà, kà, kà. Ó ń fa àgádágodo, ó ń ṣépè fún ẹni tó há a síbẹ̀. Mo fọwọ́ kan àpò mi, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. N ò lè pariwo, ohùn ò jáde.

Ẹ mọ ẹni tó mú òfin àgádágodo wọ ilé-iṣẹ́ wa? Ẹ má rò pé ìjọba ni. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni. Àwọn ló ń san án bí ẹ̀rọ bá gé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ni wọ́n bá rán èèyàn wá yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò, wọ́n ní bí ọ̀gá ò bá tún un ṣe, owó tó ń san lọ́dún máa lé sí i. Ọ̀gá tí kò gbọ́ ti òfin gbọ́ ti owó kíákíá. Jámánì ló kọ́kọ́ ṣe òfin ìdójútòfò ìjàǹbá iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè, ní 1884, àwọn agbanisíṣẹ́ ló sì ń dáwó rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, òṣìṣẹ́ tó fara pa ní láti fi hàn nílé ẹjọ́ pé ẹ̀bi ọ̀gá ni. Ẹni tí kò níṣẹ́ mọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti gé, níbo ló ti fẹ́ rówó agbẹjọ́rò?

Àbúrò Bíríkìlà

Tèmi ò gùn. Ẹ̀gbọ́n mi já bọ́ láti àjà kẹta ilé tí wọ́n ń kọ́. Kò sí okùn ààbò, kò sí akoto, agbaṣẹ́ṣe náà ò sì ra ìdójútòfò kankan fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó san owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nílé ìwòsàn, lẹ́yìn náà kò gbé fóònù wa mọ́. Àwa mọ̀lẹ́bí là ń dáwó títí a fi ta ilẹ̀ bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà láàyè, kò lè dìde. Nígbà tí mo ka ti ìyá ẹlẹ́sẹ̀ irin, mo sunkún.

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni.

Akọ̀wé Ìdójútòfò

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bí kò bá tíì pẹ́ jù, ẹ lọ rí agbẹjọ́rò. Pé ọ̀gá ò ra ìdójútòfò kò yọ ọ́ nínú gbèsè; ní ọ̀pọ̀ ibi, àpò ara rẹ̀ ló máa ti san án. Àwọn orílẹ̀-èdè kan tún ní owó kan nílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ rú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹ kó ohun tó fi hàn pé ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ jọ: àtẹ̀jíṣẹ́, fọ́tò, orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀.

Àbúrò Bíríkìlà

Fọ́tò wà. Gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀, akoto ò sí lórí ẹnì kankan.

Ọlọ́kọ̀ Tuntun

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè ni tèmi. Ti ẹnìkẹta tí mo rà yìí, ṣé ó máa tún ọkọ̀ tèmi náà ṣe bí mo bá gbá ẹnì kan?

Akọ̀wé Ìdójútòfò

Rárá o. Ti ẹni tí ẹ gbá ló máa san, ara rẹ̀ àti dúkìá rẹ̀. Kí wọ́n tó tún ọkọ̀ yín ṣe, ẹ ní láti ra èyí tó kárí gbogbo rẹ̀, ó sì wọ́n jù ú lọ. Ẹ tún wo ọjọ́ tó máa parí lórí ìwé yẹn, àti wákàtí rẹ̀. Òmíràn á parí lóru, ọlọ́kọ̀ á sì jí gbé ọkọ̀ jáde láàárọ̀ láìmọ̀ pé òun ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ayédèrú sì pọ̀, pàápàá èyí tí wọ́n bá tà fún yín ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ fi nọ́ńbà inú ìwé náà béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.