Ṣé Napoleon ló fa hazelnut inú ṣokoléètì Turin ni, àbí ẹ̀rọ?

Àdùkẹ́: Ẹ kú ìjókòó o. Mo ń kà nípa Caffarel, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣokoléètì ní Turin, ní Ítálì, ní 1826, ọ̀rọ̀ hazelnut, èso kékeré eléèpo líle tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ ṣokoléètì ibẹ̀, ni ò yé mi. Gbogbo ibi tí mo dé ni wọ́n ti ń sọ pé Napoleon, olórí Faransé ayé ìgbà yẹn, ló fà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Bàbá Ìbejì: Ọwọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀ o. Ní 1806 ló pàṣẹ pé kí Yúróòpù má bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣòwò mọ́, abẹ́ Faransé sì ni Turin wà nígbà yẹn, bí kòkó àti ṣúgà tó ń gba orí òkun wọlé ṣe di ọ̀wọ́n gógó nìyẹn. Hazelnut ní tiẹ̀, orí òkè Langhe ló ti ń so, ìtòsí ibẹ̀ náà ni, kò nílò ọkọ̀ òkun kankan. Wọ́n ń yan án, wọ́n ń lọ̀ ọ́ mọ́ kòkó kó lè pọ̀.

Akin_T: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wo ọdún yẹn dáadáa. 1814 ni Napoleon kúrò lórí oyè, 1865 sì ni Caffarel àti Michele Prochet, oníṣokoléètì kan, gbé gianduiotto jáde, ìyẹn ṣokoléètì kékeré tí hazelnut wà nínú ẹ̀; orúkọ Gianduja, ẹni tó ń wọ ìbòjú níbi ayẹyẹ carnival Turin, ni wọ́n fún un. Àádọ́ta ọdún lé ló wà láàárín! Ọ̀wọ́n nìkan ò lè ṣe ìyẹn. Lójú tèmi, ẹ̀rọ ni, torí hazelnut tí ò bá kúnná, ṣe ló máa ń ta síni lẹ́yín bí iyanrìn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń ṣe ṣokoléètì á kúnlẹ̀ síwájú ọlọ tí iná wà lábẹ́ ẹ̀, á máa fọwọ́ lọ kòkó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ ẹran ni Caffarel rà tó sọ di fáktírì, omi ló sì ń yí ẹ̀rọ tó fi ń lọ kòkó. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé gianduja, ìyẹn àpòpọ̀ ṣokoléètì àti hazelnut yẹn, rọ̀ débi pé kò ṣeé dà sínú mọ́ọ̀dù, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n fi ń gé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tó fi rí bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀.

Àdùkẹ́: Háà, ẹ ṣé gan-an, Akin. Nutella tí wọ́n fi ń pa búrẹ́dì ńkọ́, ṣé ìdílé kan náà ni?

Bàbá Ìbejì: Akin, mo gbà fún ẹ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn. Àdùkẹ́, ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kòkó tún wọ́n, ni Pietro Ferrero ní Alba, níbi tí hazelnut pọ̀ sí, bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta Pasta Gianduja ní 1946. Gbagidi ni, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé e sórí búrẹ́dì. Nígbà tó di 1951, ó rọ̀ tó ohun tí wọ́n lè fi pa búrẹ́dì, wọ́n pè é ní Supercrema, 1964 ló wá di Nutella.