Katakata ọgbà tó ti pẹ́: kí lojú yín ti rí nídìí ẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Odidi ọdún kan àtààbọ̀ ni katakata ọgbà mi fi ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín koríko. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gùn láti fi gé koríko ni, ó sì ti lé ní ogójì ọdún. Kohler K301 ni ẹ́ńjìnì inú ẹ̀: sìlíńdà kan ṣoṣo, irin dídà, agbára ẹṣin 12. Nígbà tí mo gbà á, òjò ti pa á títí, ìdọ̀tí ti bo gbogbo ara ẹ̀, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Ojú ẹ̀ nìkan ni mi ò fẹ́ràn, ìyẹn ni mo ṣe sọ pé ọ̀dà ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Mo tú u, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, mo fi sáńpépà lọ̀ ọ́, mo fọ́n ọ̀dà aláwọ̀ búlúù sí i lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo tò ó padà, ó ń dán yinrin.

Àtìgbà yẹn ló ti yíwà padà. Bí mo bá ṣíná ẹ̀, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló máa dáhùn. Á gé koríko fún bí ìṣẹ́jú 25, ló bá di pé ó ń wúkọ́, agbára ẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, á sì kú fin-ín. Tí mo bá jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 15, á tún dìde bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí.

Ẹni tó bá ti fọwọ́ ba ẹ́ńjìnì rí á sọ pé kọ́ìlì tó ń pèsè iná fún pílọ́ọ̀gì ni, torí kọ́ìlì tó ti ń kú lọ máa ń daṣẹ́ sílẹ̀ tó bá gbóná, tó bá tutù á tún ṣiṣẹ́. Ohun témi náà rò nìyẹn. Mo pààrọ̀ kọ́ìlì, mo pààrọ̀ kọ̀ndẹ́ńsà tó ń bá a ṣiṣẹ́, mo ra kọ́ńtáàtì tuntun, ìyẹn ojú irin kékeré tó ń là tó sì ń pàdé kí iná lè ṣẹ́. Kọ́ńtáàtì ẹ́ńjìnì yìí ò sí lábẹ́ fíláwíìlì (irin róbótó wúwo tó ń bá ẹ́ńjìnì yí) bíi ti àwọn kan. Ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì níta ló wà, lábẹ́ ìdérí kékeré kan, ọ̀pá tín-ín-rín kan ló ń tì í látinú. Mo fi àlàfo ẹ̀ sí 0.020 ínǹsì, mo rọra ń yí fíláwíìlì títí àmì S, ibi tó yẹ kí iná ti ṣẹ́, fi bọ́ sójú ihò tí wọ́n ń gbà wò ó, mo sì rí i pé ibẹ̀ gan-an ni kọ́ńtáàtì ti ń là. Ẹ́ńjìnì wá ń ró geere. Ìṣẹ́jú 25 pé, ó kú.

Ó kan kábúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀. Mo tú u, mo fi afẹ́fẹ́ fẹ́ gbogbo ihò tín-ín-rín inú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì. Mo yọ họ́ọ̀sì epo, ó ti gan bí igi, nígbà tí mo sì tẹ̀ ẹ́, ègé rọ́bà dúdú wẹ́wẹ́ ń bọ́ jáde látinú ẹ̀, nítorí náà ìyẹn ò já sí asán. Mo fi tuntun sí i, mo fi fílítà sójú ọ̀nà epo. Ó tún kú.

Lọ́jọ́ tó yé mi, mo kàn rò pé epo ló tán ni. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo di ìdérí táńkì mú, mo yí i díẹ̀, mo gbọ́ “fììììì”. Bí ẹni tó ti ń sé èémí tipẹ́ tó wá mí sínú. Mo dúró pẹ̀lú ọwọ́ lórí ìdérí yẹn. Epo wà ní ìdajì táńkì. Mo dé e padà, mo ṣíná, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dáhùn.

Mo gbé ìdérí náà sójú oòrùn. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ etí ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, torí bí epo bá ṣe ń jáde ni afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa rọ́pò ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ táńkì á máa fa epo sẹ́yìn, kábúrétọ̀ á sì gbẹ. Ọ̀dà búlúù ló dí ihò yẹn. Ọ̀dà témi fúnra mi fọ́n. Mo fi abẹ́rẹ́ tì í, ohun tó bọ́ sílẹ̀ ò ju ẹyin iná orí lọ. Ọdún kẹrin rèé, kò kú mọ́ mi lọ́wọ́ mọ́.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí nìyí tí ẹ́ńjìnì bá kú ní gbígbóná: mi ò ní jẹ́ kó tutù rárá. Màá kọ́kọ́ tú ìdérí táńkì. Lẹ́yìn náà màá yọ pílọ́ọ̀gì, màá tún fi wáyà ẹ̀ sí i lórí, màá gbé e lé ara irin níbi tó jìnnà sí ihò pílọ́ọ̀gì àti epo, màá yí ẹ́ńjìnì. Bí iná bá ń ṣẹ́ dáadáa tí pílọ́ọ̀gì sì gbẹ, epo ni ò dé ibẹ̀. Bí pílọ́ọ̀gì bá tutù fún epo tí iná ò sì ṣẹ́, ìgbà yẹn ni kọ́ìlì tó kàn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mi ò fi ṣe é.

*

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dà ló fìyà jẹ èmi náà, àmọ́ ibòmíì ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, “kẹ́” lásán ni mò ń gbọ́. Bátìrì mi ka fóòtì 12.6, tó túmọ̀ sí pé ó kún. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ń ní kí n lọ ra sítátà, mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnì kó lè dìde. Ẹnì kan tó mọ iná dáadáa ló ní kí n mú mítà, kí n fi ẹsẹ̀ ẹ̀ kan sórí ojú àìní (−) bátìrì, kí n fi ìkejì sára ẹ́ńjìnì, kí ẹlòmíì wá yí kọ́kọ́rọ́. Kò yẹ kó tó ìdajì fóòtì. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì! Ìyẹn ni pé iná ò rí ọ̀nà padà sí bátìrì. Wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó so bátìrì mọ́ ara irin, ni mo ti dè mọ́ orí ọ̀dà tuntun nígbà tí mo ń tún ẹ̀rọ náà ṣe. Mo tú bóòtì yẹn, mo ha abẹ́ ẹ̀ títí irin fi funfun, mo fi wáṣà eléyín sí i, mo wá fi gíríìsì bò ó kó má bàa dípẹtà. Sítátà tí wọ́n ní kí n jù nù ló ṣì ń yí i dòní.

*

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Màmá tó ti ń gun katakata láti ọjọ́ pípẹ́ ni mí, mi ò sì lè ju irú ẹ̀ nù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ International Harvester gbé katakata ọgbà Cub Cadet àkọ́kọ́ jáde ní 1961, tí John Deere náà gbé 110 tiẹ̀ jáde ní 1963, irin gidi ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Èyí tó bá gbó nínú ẹ̀, ẹ lè yọ ọ́, ẹ lè tún un ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú àwọn páànù tó bo sìlíńdà. Ẹ̀rọ mi ò kú ní tiẹ̀, agbára ẹ̀ ló máa ń já wálẹ̀ lọ́sàn-án, mo sì máa ń gbọ́ òórùn koríko tó ń jóná. Nígbà tí mo ṣí páànù yẹn, ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí. Koríko ti gan mọ́ àárín àwọn ìlà irin ara sìlíńdà bí amọ̀ ògiri. Igi pẹlẹbẹ ni mo fi ń wú u lẹ́kọ̀ọ̀kan. Ìtẹ́ eku wà nínú ẹ̀: òwú, páálí tí wọ́n ti jẹ wẹ́wẹ́, àti wáyà kan tí wọ́n ti bó rọ́bà ẹ̀ tán. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ara fíláwíìlì wá nìkan ló ń mú irú ẹ́ńjìnì yìí tutù. Ẹ má sì ṣe ohun tí àwọn kan ń ṣe, tí wọ́n á yọ páànù kúrò pátápátá pé kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Páànù yẹn ló ń darí atẹ́gùn sí ara sìlíńdà. Tí kò bá sí níbẹ̀, atẹ́gùn á kàn fọ́n ká ni.

Ohun kejì ni iwájú ẹ̀. Tí mo bá yí sítíárìn, ó máa ń pẹ́ kí táyà tó gbọ́. Irin gbọọrọ tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀, píìnì kan ṣoṣo ló gbé e ró láàárín. Mo gbé iwájú ẹ̀ sókè, mo ki igi tó nípọn bọ abẹ́ ẹ̀ torí mi ò gbára lé jáàkì nìkan, mo yọ píìnì náà. Apá kan ẹ̀ ti jẹ wọnú débi pé èékánná mi ń kọ́ ọ. Nípù tó yẹ kí gíríìsì máa gbà wọlé ti dí. Mo ní kí tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, gbẹ́ píìnì tuntun fún mi, kó sì fi búùṣì onídẹ sí ihò ẹ̀. Àwọn nípù tó kù, abẹ́rẹ́ ni mo fi tú wọn. Ohun dúdú tó le ló kọ́kọ́ ń yọ, mi ò dáwọ́ dúró títí tuntun fi yọ lódìkejì, tó mọ́ bí oyin. Sítíárìn ẹ̀ ti wá fúyẹ́ débi pé ọwọ́ kan ni mo fi ń yí i.

Kẹ́ ẹ tó kiwọ́ bọ abẹ́ ibi tí abẹ wà, ẹ yọ wáyà pílọ́ọ̀gì. Ẹ yọ ọ́ nígbàkígbà, kódà tó bá jẹ́ bóòtì kan péré lẹ fẹ́ fún.

*

Ẹ dákun, epo ńkọ́, tí ẹ̀rọ bá máa jókòó fún oṣù mélòó kan?

*

Èmi tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nìyí. Mo máa ń ti ẹnu epo, màá wá jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ lọ títí yóò fi kú fúnra ẹ̀, kí epo má bàa gbẹ mọ́ inú kábúrétọ̀. Epo tí wọ́n po ẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí kan) mọ́ máa ń fa omi mọ́ra, nítorí náà mi ò ní fi í sílẹ̀ nínú táńkì.

Màmá, mo ka tiyín lánàá, mi ò lè sùn. Láàárọ̀ yìí ni mo tú páànù tèmi. Kò sí ìtẹ́ eku, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ti dí pátápátá, koríko ibẹ̀ ti di dúdú. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ àbúrò tó sọ ti wáyà ẹ́ẹ̀tì, mo tú bóòtì ẹ̀ náà. Ọ̀dà búlúù ló wà lábẹ́ ẹ̀, ó ṣì ń dán. Mo ti ha á kan irin báyìí. Wáṣà eléyín ló kù tí mò ń wá.