Owó àṣìtẹ̀ lójà: èló ló tó, ta ló sì ń sọ ọ́?

Ọmọ Alárè
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra owó àtijọ́ tẹ́ ẹ sì ń tà á, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣàgámù, ẹ wá sọ bó ṣe ń rí. Tí owó àṣìtẹ̀ bá délẹ̀, bóyá ihò rẹ̀ ló yẹ̀ ni o, bóyá òǹtẹ̀ ló ṣì, tí ẹni tó ni ín ń pe ₦350,000, tí oníbàárà ń pe ₦20,000, ibo ni wọ́n ti máa ń pàdé? Kọ́bọ̀ oníhò 1936, ìyẹn pẹ́nì ayé òyìnbó, ló dá ariwo sílẹ̀ lọ́jà Òkè Ajé lọ́sẹ̀ yìí. H wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní mule ni, ìyẹn owó tí òǹtẹ̀ ojú rẹ̀ kan jẹ́ ti owó mìíràn.

Bàbá Ṣílè
Mule ti ibo? Ìyẹn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi í. 1936 H tí a mọ̀ sí mule, ẹ̀gbẹ́ adé rẹ̀ jẹ́ ti sẹ́ǹtì mẹ́wàá East Africa, ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti kọ́bọ̀ British West Africa. Ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló ń tẹ méjèèjì nígbà náà, òun ni H yẹn. Méjèèjì fẹ̀ dọ́gba, bíi mìlímítà 30 àti ààbọ̀, méjèèjì ló sì níhò láàárín. Ìdí nìyẹn tí òǹtẹ̀ ọ̀kan fi lè ṣèèṣì bọ́ sórí iṣẹ́ èkejì. Ṣùgbọ́n 1936 tí kì í ṣe mule, tí orúkọ ọba Edward Kẹjọ wà lára rẹ̀, ó pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwọn kan gbọ́ pé ọba yẹn ò lo ọdún kan lórí oyè, wọ́n wá gbà pé gbogbo owó tó ní orúkọ rẹ̀ ni wúrà. Ọba ò pẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀rọ ti tẹ owó rẹpẹtẹ kó tó lọ.

Ọmọ Ìperu
Kí wọ́n wá sẹ́ǹtì mẹ́wàá 1936 kan, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi adé wé adé, lẹ́tà wé lẹ́tà. Tí kò bá bára mu, ọjà ti tú.

Alágbẹ̀dẹ Ìtàlúpè
Bàbá ti sọ ti ojú, ẹ jẹ́ n fi ti inú kún un. Irin kan ṣoṣo ni ojúlówó mule. Ayédèrú rẹ̀, owó méjì ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á fá ẹ̀yìn ọ̀kan kúrò, wọ́n á gbẹ́ inú èkejì, wọ́n á wá ki ti àkọ́kọ́ bọ inú ẹ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Torí náà ojú ìsopọ̀ kì í sí níta níbi tí gbogbo èèyàn ń yẹ̀ wò. Inú ló máa ń wà, níbi tí etí owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga.

Owó oníhò ló rọrùn jù láti tú àṣírí ẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀yìn, ẹ fi awò tó ń fẹ nǹkan lójú nílọ̀ọ́po mẹ́wàá wo ògiri ihò náà yípo. Tí ẹ bá rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí i ká bí irun, ẹ dá a padà fún olówó ẹ̀. Ẹ tún gbé e lé orí ìka kan, ẹ fi owó mìíràn kàn án létí. Odindi irin á dún, ohùn ẹ̀ á sì pẹ́ díẹ̀. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, "kò" báyìí ló máa dún, ó parí.

Ìwọ̀n náà ńkọ́? Kọ́bọ̀ 1936 máa ń tó bíi gíráàmù 9.5. Ìwọ̀n wúrà tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù ni kí ẹ lò o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń wọn edé gbígbẹ.

Ìyá Kẹ́hìndé
Ẹ tún bá mi kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́.

Ọmọ Mákùn
Kí ló dé, Mà? Owó tó ń dán ló ń wu oníbàárà.

Ìyá Kẹ́hìndé
Oníbàárà tí kò mọ nǹkan kan ni. Omi ọsàn ń jẹ irin. Ìdán tí òǹtẹ̀ fi sílẹ̀ lójú owó lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ yàtọ̀ sí ìdán ọsàn, awò ló máa fi hàn. Bẹ́ ẹ bá gbé e lọ fún àwọn tó ń díwọ̀n owó, irú NGC tàbí PCGS, wọ́n á kọ ọ́ sára páálí ẹ̀ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, oníbàárà á sì gé owó ẹ̀ lulẹ̀. Iyanrìn, eérú, Brasso, ẹ má dán an wò. Tó bá jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ló wà lára ẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n ń bù sí bátìrì mọ́tò, èyí tó jẹ́ omi lásán o, kì í ṣe ásíìdì, kó sùn mọ́jú. Kí ẹ tẹ aṣọ òwú mọ́ ọn kó fà gbẹ. Ẹ má nù ún. Tó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ló lẹ̀ mọ́ ọn, ásítónì.

Ọmọ Mákùn
Ásítónì àwọn tó ń ṣe èékánná?

Ìyá Kẹ́hìndé
Rárá o. Wọ́n ti po òróró àti òórùn dídùn mọ́ ìyẹn. Ásítónì lásán ni mo ní. Kí ẹ sì jìnnà síná.

Onílé Ọjà
Gbogbo èyí dáa, ṣùgbọ́n iye ni wọ́n béèrè. Ẹ̀yin olùrà máa ń wí pé "ọjà ò lọ", ẹ ó wá rà á ní ₦20,000, lọ́la ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù.

Bàbá Ṣílè
Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ilé gbàǹjo kan ní òkè òkun lè gbé e dé ₦300,000. Ìdá 15 nínú 100 fún wọn, ₦45,000 lọ. Ìfìwéránṣẹ́ àti ìdúró fún ewu ojú ọ̀nà, ẹ fi sí ₦40,000. Owó àwọn tó ń díwọ̀n rẹ̀, ₦50,000. Ó ku ₦165,000. Ẹni tó ń rà á fẹ́ jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta, torí owó ẹ̀ lè há síbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, torí pé ilé gbàǹjo sì lè sọ pé kì í ṣe ojúlówó. Ó ku ₦110,000. Ibẹ̀ ni kí àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. ₦350,000 tí ẹnì kan pè, níbo ló ti rí i? Iye tí ẹnì kan gbé ọjà sórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni rà á. Ọjà tó ti tà nìkan ni kí ẹ wò.

Onílé Ọjà
Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kí ẹni tó ń tà ru ẹrù ewu olùrà? Tó bá jẹ́ ojúlówó, kí wọ́n jọ fi ránṣẹ́, kí wọ́n pín in: olówó mú ìdá 70, ẹni tó mọ ọ̀nà mú 30. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò ojú méjèèjì àti etí, kí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹ̀ sínú ìwé náà kó má bàa di pé òmíràn ló padà wá.

Bàbá Ṣílè
Ìyẹn náà dáa. Ẹ wá ẹni tó máa ní sùúrù oṣù mẹ́fà fún mi.

Ọmọ Ìperu
Ní Ìjẹ̀bú? Tówó wà ńlẹ̀? 😂

Ọ̀nínì Mẹ́wàá
Ẹ kúrò lórí mule. Ti ihò ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Wọ́n ti ń lu ihò kí òǹtẹ̀ tó bà lé e. Fún ìdí èyí, tí ihò bá yẹ̀ láti ilé ẹ̀rọ, ihò kan ṣoṣo náà ni, etí rẹ̀ á sì dán, lẹ́tà tó bọ́ sí i á rọra tẹ̀ wọnú ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi dírìílì lu nílé máa ń gé lẹ́tà já ṣánṣán, irin tó yọ á dúró létí ẹ̀, á máa họ ọwọ́. Tó bá wá jẹ́ pé ihò àárín wà níbẹ̀, tí òmíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó fẹ́ fi okùn gbé e kọ́ ọrùn ọmọ ló lù ú. Èyí tí kò níhò rárá, ó gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ wúwo ju oníhò lọ, àwọ̀ àárín ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti ara ẹ̀ mu, torí wọ́n máa ń fi lẹ́ẹ̀dì dí i.

Ọmọ Mákùn
Èyí tí etí ẹ̀ gé bí òṣùpá ńkọ́?

Ọ̀nínì Mẹ́wàá
Ẹ má wo ibi tó gé. Ẹ wo òdìkejì ẹ̀ gan-an. Tó bá ti gé láti ilé ẹ̀rọ, etí tó dojú kọ ọ́ máa ń fẹ́lẹ́ tàbí kó pòórá, torí nígbà tí ẹ̀rọ ń ká etí sókè, kò rí nǹkan kan fi ara tì níbi tó gé. Tí etí yẹn bá nípọn dáadáa, fáìlì alágbẹ̀dẹ ló jẹ ẹ́.

Alágbẹ̀dẹ Ìtàlúpè
Ẹ fi ti ayédèrú àtijọ́ kún un. Fàdákà ni ṣílè àti ṣílè méjì West Africa títí di 1920, kí wọ́n tó sọ ọ́ di idẹ. Idẹ yìí ló gba ọwọ́ àwọn tó ń rọ owó, nígbà tó fi máa di nǹkan bíi 1930 síwájú, ayédèrú ti kún ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ Ìjẹ̀bú sì wà lẹ́nu ìjọba òyìnbó gan-an. Láti 1938 ni wọ́n ti ṣe etí tí ilà jíjìn kan là láàárín sí i kó lè nira láti rọ. Àwọn èèyàn ń gbé ayédèrú yẹn wá lónìí pé àṣìtẹ̀ ni: lẹ́tà ẹ̀ wú, ihò wẹ́wẹ́ wà lójú ẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀ ò pé. Dídà ni wọ́n dà á, kò rí òǹtẹ̀ rí.

Ọmọ Mákùn
Ìjẹ̀bú ni òyìnbó dárúkọ o. Rẹ́mọ ò sí níbẹ̀.

Ìyá Kẹ́hìndé
Rẹ́mọ tó ń fi ọsàn fọ owó?

Ọmọ Alárè
Ẹ má jù ú nù o, àwọn kan ń kó ayédèrú 1930 yẹn jọ fúnra ẹ̀. Ẹ kàn pè é lórúkọ ẹ̀.

Adé Òde
Àwọn tó ní àwọn ń ra kọ́bọ̀ 1973 ní mílíọ̀nù méjì lórí Facebook ńkọ́?

Bàbá Ṣílè
Wọ́n á ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù. Ẹni tó fẹ́ rà kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà. Ẹ bọ́ síta níbẹ̀.

Onílé Ọjà
Kò tiẹ̀ yẹ kí ẹ máa ta kọ́bọ̀ náírà rárá. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ọdún 2007, abala 21: títa náírà, bébà tàbí onírin, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí ₦50,000 ó kéré tán, tàbí méjèèjì.

Adé Òde
Àwọn tó ń ta owó tuntun lẹ́nu ọ̀nà òde àríyá ni wọ́n ṣe é fún.

Onílé Ọjà
Ẹ ka ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Èyí tí ìgbìmọ̀ owó West Africa tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912 ṣe ló yàtọ̀, Báńkì Àpapọ̀ kọ́ ló ṣe é, 1959 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Adé Òde
₦2 tí wọ́n fi irin méjì ṣe, tí inú ẹ̀ yẹ̀ wá ńkọ́, ká jù ú nù?

Ọ̀nínì Mẹ́wàá
Ọ̀pọ̀ ìyẹn, àwọn ọmọdé ló fi ìṣó ta inú ẹ̀ jáde, wọ́n wá dà á padà ní ìdàkudà. Ẹ wo ojú ìsopọ̀: tí ẹ bá rí ìhọra, tàbí tí inú ẹ̀ bá ń mì lọ́wọ́, kì í ṣe àṣìtẹ̀. Ẹ̀rọ máa ń fún méjèèjì mọ́ra lásìkò tó ń tẹ̀ wọ́n.

Ọmọ Mákùn
Tèmi ń mì o. Kí n ṣe é báwo?

Ọ̀nínì Mẹ́wàá
Ẹ ná an.

Ọmọ Mákùn
₦2? Níbo?