Báwo lẹ ṣe ń fi àwòrán ṣàlàyé "lọ́la" fún ọmọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 7, ní ọ́tísìmù (autism), ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ àti nǹkan lọ́nà tó yàtọ̀. Àwòrán ló fi ń ronú. Ẹ ní kó wọ bàtà, kò ní mira. Ẹ fi fọ́tò bàtà tirẹ̀ gan-an hàn án, ó ti dìde. Fọ́tò bàtà ẹlòmíì kò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹ̀.

Mo lẹ fọ́tò iṣẹ́ òwúrọ̀ mọ́ ògiri, ó sì ń tẹ̀ lé e dáadáa. Temple Grandin, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó ní ọ́tísìmù, sọ pé ọ̀rọ̀ máa ń di àwòrán lọ́kàn òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo àwọn tó ní ọ́tísìmù ló rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn tù mí nínú gan-an.

Ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é yà ní fọ́tò ló le. Tí mo bá ní lọ́la la máa lọ sọ́dọ̀ màmá àgbà, ó ti gbé báàgì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Ẹkún ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀. Mo gbìyànjú kàlẹ́ńdà, nọ́mbà inú ẹ̀ ló ń kà. Mo ya oòrùn àti òṣùpá, kò wò ó.

Àwòrán wo lẹ lò tí ọmọ tiyín fi mọ "lọ́la" yàtọ̀ sí "nísinsìnyí"?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú o.