CG125 bàbá mi ti pẹ́ nílẹ̀, tí mo bá ti yọ ṣóòkù báyìí, ó kú nìyẹn. Ṣé kí n ra kábúrétọ̀ tuntun?

Ọmọ_Pókà
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ máṣíìnì àtijọ́ dáadáa. Bàbá mi ní Honda CG125 kan tí wọ́n fi ń lọ sóko lọ́nà Ẹrẹ́dò kí orúnkún tó dá wọn jókòó, látìgbà náà ló ti wà lẹ́yìnkùlé wa níbí ní Pókà, tapólì nìkan la fi bò ó. Epo tí mo bá nínú táńkì, ìgbà tí wọ́n ṣì ń ta lítà kan ní ₦165 ni wọ́n rà á, 2022 nìyẹn, ó ti pọ́n, òórùn ẹ̀ ò sì jọ ti bẹntiróò mọ́. Mo dà á nù, mo ra plọ́ọ̀gì tuntun, mo pààrọ̀ ọ́ìlì, mo ta á ní kíìkì títí, ó jí! Bàbá mi gbọ́ ìró ẹ̀ nínú yàrá, wọ́n fi ọ̀pá jáde wá wò ó.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ṣóòkù nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá dá ṣóòkù padà, ó máa kú, kò mú síló rárá, ìyẹn ni pé kò lè dá ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ tí mi ò bá fún un níná. Tí mo bá fi ṣóòkù yẹn gùn ún dé títì á máa jáàkì, tí mo bá wá dẹwọ́ iná, sàlẹ́ńsà á máa yìnbọn pà pà pà. Mẹ́káníìkì kan nítòsí wa ní kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn ti kú, kí n lọ ra ti Ṣáínà. Ṣé kí n rà á? Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa yọ nǹkan ara ẹ̀ dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, torí bàbá mi mọ gbogbo nọ́ọ̀tì tó wà lára máṣíìnì yẹn.

Sípánà_Ayétòrò
Àbúrò, má tíì rà á o. Ohun tó o kọ yẹn ti sọ ibi tó ń dùn ún. Iṣẹ́ ṣóòkù ni kó dí atẹ́gùn kí epo lè pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tó bá wá jẹ́ pé ṣóòkù nìkan ló fi ń mí, á jẹ́ pé epo ò dé ibẹ̀ tó, tàbí kẹ̀ atẹ́gùn ń gba ibì kan tí kò yẹ wọlé. Ìbọn tí sàlẹ́ńsà ń yìn yẹn náà, ibì kan náà ni wọ́n ti wá.

Tú abọ́ ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, wàá rí jẹ́ẹ̀tì méjì níbẹ̀, àwọn nǹkan kékeré tí epo ń gba ihò wọn kọjá, èyí tó kéré ni síló jẹ́ẹ̀tì, ihò ẹ̀ tín-ín-rín gan-an. Tí epo bá jókòó síbẹ̀ pẹ́, èyí tó fúyẹ́ nínú ẹ̀ á fò lọ, á ku nǹkan kan bíi oje igi tó máa lẹ̀ mọ́ ihò yẹn, ìyẹn ló ń dà ẹ́ láàmú. Jọ̀ọ́, má fi abẹ́rẹ́ tàbí wáyà irin gún un, idẹ ni wọ́n fi ṣe jẹ́ẹ̀tì, tí ihò ẹ̀ bá ti fẹ̀ sí i ó bàjẹ́ nìyẹn. Fọ́nrán kan ṣoṣo láti inú wáyà iná ni kó o lò, rẹ jẹ́ẹ̀tì sínú bẹntiróò mọ́jú, lọ bá fọkanáísà kó fẹ́ atẹ́gùn sí i àti sí gbogbo ihò tó wà lára kábúrétọ̀ fúnra ẹ̀, kó o wá gbé e sókè kó o fi wo ibi tó mọ́lẹ̀. Tó ò bá rí ìmọ́lẹ̀ yíká rúbúrúbú, kò tíì mọ́.

Sikurú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀, kó o tó tú u, kọ́kọ́ yí i wọlé jẹ́jẹ́ kó o ka iye ìgbà tó yí, kọ ọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni wàá dá a padà sí.

Ẹlẹ́ja_Etí_Ọ̀sà
Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n táńkì ńkọ́? Àbúrò mi, wo inú ẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Atẹ́gùn ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ yìí lómi nínú, táńkì tí epo ò kún á máa làágùn nínú lóru, á sì dípẹtà. Tó o bá fọ kábúrétọ̀ láìfọ táńkì, ìpẹtà yẹn á tún sọ̀kalẹ̀ lọ dí i, wàá sì máa bú mẹ́káníìkì. Máṣíìnì tí wọ́n fi ń gbé ẹja mi láti Olúwo, fíníga la dà sínú ẹ̀ mọ́jú pẹ̀lú ṣéènì àtijọ́ kan, a mì ín títí, a fi omi ṣàn án dáadáa, a gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, a wá fi epo díẹ̀ ṣàn án kó má tún dípẹtà. Ra fílítà kékeré kan sí ọ̀nà epo náà, kò wọ́n.

Mo bẹ̀ ẹ́, tí táńkì bá ti lu, má gbé e lọ bá wẹ́dà bẹ́ẹ̀ yẹn. Àfẹ́ẹ́ bẹntiróò ṣì máa ń wà nínú táńkì tó gbẹ, iná wẹ́dà á sì mú un búgbàù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ táńkì dáadáa ni kó o wá.

Àgbà_Ìtóìkín
Ọmọ mi, láti bíi 1976 ni Honda ti ń ṣe CG125, wọ́n sì dìídì ṣe é fún ibi tí èèyàn kì í ráyè tọ́jú máṣíìnì, ìdí nìyẹn tí fáàfù ẹ̀, ìlẹ̀kùn tí atẹ́gùn àti èéfín ń gbà nínú ẹ́ńjìnnì, fi ń lo ọ̀pá dípò ṣéènì. Ilé iṣẹ́ ní Ṣáínà tó wo ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe tiwọn pọ̀, ìyẹn ni pátì ẹ̀ ò fi wọ́n títí dòní. Kábúrétọ̀ tí Honda fi sí i, tí ara ẹ̀ ò bá tíì jẹ, èmi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ láé.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ fi kún un. Tó o bá tú kábúrétọ̀, wo ojú ibi tó ti fẹnu ko ẹ́ńjìnnì. Àwọn mẹ́káníìkì máa ń de nọ́ọ̀tì méjèèjì yẹn jù, ojú ibẹ̀ á wá tẹ̀, atẹ́gùn á máa wọlé látibẹ̀. Tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì, kó o fi í lọ ọ́ títí á fi gún, kó o sì pààrọ̀ rọ́bà róbótó ibẹ̀. Ìkejì ni táápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo kékeré tó wà lórí fáàfù, 0.08 mìlímítà ni fún fáàfù méjèèjì, òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù ni kó o wọ̀n ọ́n. Tó bá há jù, ó lè dára nígbà tó bá tutù, kó wá máa rẹ̀ ẹ́ tó bá gbóná.

Ọmọ_Pókà
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé gan-an ni! Síló jẹ́ẹ̀tì ló dí pátápátá lóòótọ́, ojú ibi tí ẹ sọ náà ti tẹ̀ díẹ̀, mo lọ ọ́. Mo fọ táńkì, ohun tó jáde níbẹ̀ ò ṣeé sọ. Ó ti ń mú síló báyìí láìsí ṣóòkù, kò yìnbọn mọ́. Ó kù síbì kan: tí mo bá gùn ún dé ọ̀nà Ẹ̀jìnrìn, á kàn kú lójijì, tí mo bá ṣí ìdérí táńkì, mo máa gbọ́ "ṣìììì", á tún jí.

Sípánà_Ayétòrò
Ṣìììì yẹn ti jẹ́wọ́! Ihò mímí tó wà lára ìdérí táńkì ló dí, epo ń sọ̀kalẹ̀, atẹ́gùn ò rọ́nà wọlé rọ́pò ẹ̀, títí epo ò fi ní lè wá mọ́. Tú ìdérí, rẹ ẹ́, fẹ́ ẹ. Kó o tó gbé bàbá ẹ sẹ́yìn, wo ẹ̀gbẹ́ taya méjèèjì, wàá rí nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, méjì tó gbẹ̀yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Taya tó ti sán, bó wù kó ní ojú tó, má fi gbé wọn o.