Sólà wà lórí òrùlé, bíìlì iná ò wálẹ̀, ẹ gbà mí o

Ìyá Méjì: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i kí n tó ya wèrè. Oṣù kẹta rèé tá a ti gbé sólà sórí òrùlé, ọkọ mi ló ní àfi dandan, èmi ní ká kọ́kọ́ tún kíṣìnnì ṣe, kò gbọ́, àbúrò rẹ̀ tó máa ń ṣe bíi pé kò sóhun tóun ò mọ̀ ló mú ẹni tó bá wa ṣe é wá, wọ́n dá òrùlé lu, wọn ò tiẹ̀ palẹ̀ mọ́, òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ báyìí orí bẹ́ẹ̀dì mi ló ń jò sí. Bíìlì wá dé lánàá, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe wà! Àbúrò ọkọ mi ní ká lọ ra èyí tí atẹ́gùn ń yí kún un. Ṣé ká rà á ni àbí ká fi pánẹ́ẹ̀lì kún pánẹ́ẹ̀lì?

Bàbá Ṣeun: Pánẹ́ẹ̀lì mélòó? Wọ́ọ̀tì mélòó? Kí lẹ̀ ń lò nínú ilé? Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì nìkan la gbọ́.

Dúpẹ́ Aránṣọ: Ẹ má ra ti atẹ́gùn o! Ẹ̀gbọ́n mi rà á, ó gbé e sáàárín ilé méjì tó ga ju tiẹ̀ lọ, atẹ́gùn tó ń débẹ̀ kò lè gbọn aṣọ lórí okùn. Gbangba ni nǹkan yẹn ń fẹ́, lórí òpó gíga. Tí atẹ́gùn bá dín sí ìdajì, iná tó máa mú wá ò ju ìdá kan nínú 8 lọ. Ẹyẹ ló ń bà lé e báyìí.

Alhaji K: Híta omi ni. Wọ́ọ̀tì 3,000, wákàtí kan péré, yúníìtì 3 ti lọ nìyẹn. Ẹ ra èyí tí oòrùn ń mú omi inú ẹ̀ gbóná tààrà, ẹ sinmi.

Ìyá Méjì: A ò ní híta omi sà, gáàsì la fi ń se omi. Fíríìjì, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó tán. Pánẹ́ẹ̀lì 6, wọ́n kọ 450 sẹ́yìn ẹ̀. Bàbá Ṣeun, ẹ̀yin kọ́ lòjò ń jò sí lórí.

Dúpẹ́ Aránṣọ: Bátìrì ńkọ́? Tó bá jẹ́ olómi, ẹ má lò ó kọjá ìdajì, ẹ lọ ra lithium.

Bàbá Ṣeun: Ta ló bi yín ní bátìrì? 450 lọ́nà 6, tóòrùn bá ràn dáadáa fún wákàtí 5, kódà tẹ́ ẹ bá yọ èyí tó ń ṣòfò kúrò, yúníìtì 10 lójúmọ́ ò jìnnà. Fíríìjì kan ò lè jẹ ìyẹn tán. Ìyá Méjì, ẹ lọ wo sẹ́tìn 01 lójú ínfátà, kí ló kọ síbẹ̀?

Ìyá Méjì: UTI. Ẹni tó ṣe é ní ká má fọwọ́ kàn án títí òun á fi padà wá parí ẹ̀.

Bàbá Ṣeun: Áà! Iná míta lẹ̀ ń lò látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn, ìgbà tíná míta bá lọ nìkan ni sólà ń dá sí i. SBU ló yẹ kó wà, oòrùn ṣáájú, bátìrì tẹ̀ lé e, míta gbẹ̀yìn. Ẹ pè é kó wá yí i.

Ìyá Méjì: Kì í gbé ìpè wa mọ́.

Alhaji K: Kí ló dé?

Ìyá Méjì: A ṣì jẹ ẹ́ ní ìdajì owó iṣẹ́. Ọkọ mi ní òun ò san án àfi tí bíìlì bá kọ́kọ́ wálẹ̀.

Dúpẹ́ Aránṣọ: 😂😂😂

Bàbá Ṣeun: Kò burú. Ìwé tó bá ínfátà wá ńkọ́? Ó wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí i.

Ìyá Méjì: Òun ni mo fi gbé ike tí mo fi ń gbe omi dúró lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti rin gbingbin. Ẹ jẹ́ n lọ sá a.