Àbọ̀ lórí bíà Kérésìmesì tí mo fún ní máàkì 4

Ẹ rántí pé mo ní bíà Kérésìmesì kan láti ilé iṣẹ́ apọntí ńlá, 9% ni agbára rẹ̀, kò ládùn lẹ́nu mi, kíkorò àti gáàsì nìkan ni mo ń gbọ́, mo sì bi yín pé kí ló fà á àti kí ni kí n ṣe.

Òtútù ló fà á. Ẹni tó ní kí n gbé e kúrò nínú fíríìjì kí n tó ṣí i ló gbà mí. Tààrà láti inú fíríìjì, ní 4°C, kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi dé 12°C, òórùn ṣúgà jíjó jáde, lẹ́yìn náà èso gbígbẹ, ó sì dùn rọra bí oyin lórí ahọ́n. Inú mi dùn gan-an!

Ife tí ẹnu rẹ̀ há ṣe díẹ̀: ó kó òórùn jọ sí imú, àmọ́ kò tún adùn ọtí tútù ṣe.

Ó ku bó ṣe ń gbóná lọ́fun ní ìparí, ìyẹn tilẹ̀ pọ̀ sí i. Mo ti fi ìgò méjì pamọ́ síbi tó ṣókùnkùn di ọdún tó ń bọ̀, bí ẹ ṣe wí.

Ó gba 7 báyìí. Ẹ ṣé gan-an.